Ọjọ́ Kan Tí Don Leandro Lò ní Peñalbar

Ìwé tí Don Leandro Quesada fi wẹ ara rẹ̀ mọ́ lójú ọlọ́pàá, ọwọ́ ọ̀gá mi ni ó kọ ọ́.

Inspẹ́kítọ̀ Robledo ni ó gbé e wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Kò jókòó. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó fi ìka kàn án.

"Màmá Brígida, ṣé ọwọ́ yín nìyí?"

Brígida Alcaide gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, ó kúrú, ó sanra, kì í sì í kánjú dáhùn ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣètò ìrìnàjò ọjọ́ kan fún àwọn àlejò tó bá dé sí Córdoba: ọkọ̀ tí wọn yóò wọ̀ láàárọ̀, ohun tí wọn yóò wò, ibi tí wọn yóò ti jẹun, ọkọ̀ tí yóò dá wọn padà. Ẹni tó fẹ́ rí àwókù Medina Azahara, ẹni tó ń wá wáìnì lọ sí Montilla, ẹni tó fẹ́ gun ilé olódi Almodóvar, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń yà sí. Ó ti di ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti ń ṣe é. Èmi, Araceli, ni mò ń dáhùn fóònù níbẹ̀. Evaristo ọkọ mi ni ó ń wa bọ́ọ̀sì kékeré wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọkọ mi ti sun àtìmọ́lé fún alẹ́ méjì.

"Ọwọ́ mi ni," ni Brígida wí. "Ọjọ́ Ajé ni mo kọ ọ́ fún un. Ṣé ó ní mo kọ ọ́ dáa?"

"Ó ní ẹ kọ ọ́ dáa. Ohun tí mo wá gbọ́ náà nìyẹn. Ó parí."

"Kò tíì parí," ni mo wí láti ẹ̀yìn tábìlì mi.

Robledo kò wo ojú mi. Ó mọ ìdí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, láàárín ọ̀sán gangan sí aago méjì, ẹnìkan wọ ilé ẹgbẹ́ ìjọ àdúgbò wa, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì gbé adé fàdákà orí ère Wúndíá lọ. Kò já ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ ni ó fi ṣí i. Ẹni mẹ́ta péré ni ó ní kọ́kọ́rọ́ yẹn. Àkọ́kọ́ ni baba arúgbó tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà ní ilé ìwòsàn kan ní Málaga. Èkejì ni Don Leandro, igbákejì rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Evaristo, nítorí òun ni aṣáájú àwọn tó ń fi ọrùn ru ère náà ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Wọ́n sì rí bọ́ọ̀sì wa lẹ́yìn ilé ẹgbẹ́ náà ní aago kan ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n bi Evaristo pé níbo ló wà fún odidi ogójì ìṣẹ́jú, ó ká apá mọ́ àyà, ó ní, "Ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn."

Adé yẹn kì í ṣe adé lásán. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní ọdún tí ebi fẹ́ẹ̀ pa ìlú run, àwọn obìnrin àdúgbò wa bọ́ yẹtí etí wọn, wọ́n yọ́ ọ mọ́ fàdákà, wọ́n sì fi ṣe é. Ẹni tí wọ́n bá pè ní olè adé náà, etí ìyá ìyá gbogbo ènìyàn ni ó jà lólè. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti ń sọ ọsàn jíjẹrà lu fèrèsé mi. N kò tì í. Mo ṣí i gbayawu.

"Fermín," ni Brígida wí. Orúkọ ni ó ń pe Inspẹ́kítọ̀, ó mọ ìyá rẹ̀. "Ka ohun tí Don Leandro sọ sí mi létí."

Robledo mí kanlẹ̀, ó sì kà á. "Mo wọ ọkọ̀ aago mẹ́jọ ààbọ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ ní ojúde ṣọ́ọ̀ṣì Peñalbar ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo wo ilé olódi láti ìta. Mo ra wàràkàṣì lọ́wọ́ Obdulia. Ní aago méjì mo jẹ ẹran ọmọ ewúrẹ́ nílé oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wọ ọkọ̀ padà ní aago mẹ́rin kọjá ogójì ìṣẹ́jú." Ó pa ìwé dé. "Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Awakọ̀ sì rántí rẹ̀ dáadáa, ó ní ó bọ òun lọ́wọ́ nígbà tó ń wọlé."

"Don Leandro bọ awakọ̀ lọ́wọ́?"

"Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọmọlúwàbí ni."

"Ó ga o," ni Brígida wí. "Lóòótọ́ ló ga."

"Lọ́la, aago mẹ́wàá, Evaristo yóò dúró níwájú adájọ́. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má dá sí i. Ìwé àṣẹ tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ yìí, ìjọba ló ni ín."

Brígida nawọ́ sí ògiri lẹ́yìn ara rẹ̀. "Ìwé àṣẹ náà nìyẹn. Gun àga kí o já a. Ṣùgbọ́n bọ́ bàtà rẹ o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu àga ni."

Robledo kò gun àga. Bó ṣe jáde báyìí, Brígida ti ń wọ kóòtù rẹ̀.

"Araceli, tilẹ̀kùn. Ọkọ̀ aago mẹ́jọ ààbọ̀ kò ní dúró dè wá."

*

Nínú bọ́ọ̀sì, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Igi ólífì ń kọjá lára wa, ẹsẹẹsẹ, bí ọmọ iléèwé tó tò lórí ìlà.

"Má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi ọ́," ó ní. "Ogójì ìṣẹ́jú Evaristo yẹn. Ṣé obìnrin ni?"

"Bó bá jẹ́ obìnrin, màá kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ ọlọ́pàá ná, kí n tó fi ọwọ́ ara mi pa á."

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó yọ ẹ̀dà ìwé Don Leandro jáde.

"Gbọ́ mi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ irú ìwé yìí. Mo ń kọ ọ́ pé ọkọ̀ á dé ní aago mẹ́wàá, ọkọ̀ á pẹ́. Mo ń kọ ọ́ pé kí wọ́n jẹ ewúrẹ́, ewúrẹ́ á tán, wọ́n á jẹ ẹyin. Òjò á rọ̀, bàtà á já, ọmọ á bì sí aṣọ ìyá rẹ̀. Tí wọ́n bá padà dé, wọ́n á wá bú mi: 'Brígida, o parọ́ fún wa!' Nínú gbogbo ẹni tí mo ti fi ránṣẹ́ lọ sójú ọ̀nà, ẹnìkan ṣoṣo ni ó rìn ín gẹ́lẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́, láìyẹ̀ ìṣẹ́jú kan."

"Don Leandro."

"Ẹni tí kò bá lọ nìkan ni ọ̀nà rẹ̀ kì í yí padà. Ìwé mi ni ó há sórí, bí ọmọ kékeré ṣe ń há kátíkísíìmù."

"Ṣùgbọ́n awakọ̀ ní ó wọ ọkọ̀."

"Ó wọ̀ ọ́. Ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kó má bàa gbàgbé rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í kí ọkọ rẹ tó ń ru ère níwájú rẹ̀ lọ́dọọdún, ní kùtùkùtù yẹn ni ìfẹ́ àwọn awakọ̀ wá gbé e dè? Wọ́n bi awakọ̀ bóyá ó wọlé. Wọn kò bi í níbi tó ti sọ̀kalẹ̀."

Awakọ̀ tiwa lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí náà kò sí ohun tí a lè bi í. A dúró ní ibùdókọ̀ kan péré lójú ọ̀nà, ìyẹn Fuenteseca, ìlú kékeré kan tí kò ní ju ilé epo àti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì lọ. Mo rí i tí Brígida wo aago rẹ̀, tó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ọkọ̀ gun òkè Peñalbar, ó sì já wa sí ojúde ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni erùpẹ̀ pupa tuntun láàárín títì, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin màlúù síbẹ̀.

"Brígida!" Obdulia tó ń ta wàràkàṣì ti ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Ìwọ àti ojú rẹ náà lo ṣì tún wá síbí? Lẹ́yìn tí o kó àlejò wá bá mi lọ́jọ́ tí ìlú kò ní omi?"

"Èmi kọ́ ni mo gbẹ omi yín. Ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni! Páìpù ńlá bẹ́ ní aago mẹ́fà ìdájí, títì jìn wọnú ilẹ̀. Ibi ẹ̀rọ ìfúnpo ólífì nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni ọkọ̀ já wọn sí, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá sókè. Igba àtẹ̀gùn ó lé! Ará Jámánì kan jókòó sáàárín, ó ń fi èdè rẹ̀ ṣépè. N kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìwọ ló ń ṣẹ́ ẹ fún."

"Ilé oúnjẹ ńkọ́?"

"Ta ni yóò dáná láìsí omi? Tìtì ni wọ́n tì í láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Orí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wọn ti jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú wàràkàṣì mi. Màlúù ló kù kí wọ́n jẹ."

Mo fẹ́ la ẹnu, Brígida tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó ra wàràkàṣì kan, ó ná an títí Obdulia fi búra.

"A ti mọ ibi tí kò dé," ó sọ fún mi bí a ṣe ń padà sídìí ọkọ̀ aago mọ́kànlá. "Ó ku ibi tó yà sí."

*

Mẹkáníìkì Fuenteseca ń jẹ́ Baldomero. Abẹ́ ọkọ̀ kan ló wà nígbà tí a dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń bá sọ̀rọ̀.

"Ọkọ̀ wo ni ẹ ń wí?"

"Èyí tí wọ́n gbé wá síbí lálẹ́ ọjọ́ Ajé," ni Brígida wí. Kò mọ̀ ọ́n. Ó kàn dán an wò ni: ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ ní láti ní ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sí Córdoba.

Ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́. Baldomero fa ara rẹ̀ jáde, ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ọkọ̀ eléérú yẹn? Ṣé ẹ̀yin lẹ wá gbé e ni? Ó ní ọjọ́ Àìkú ni òun ń bọ̀."

"Ta ni ó ní bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀gbẹ́ni kan. Pérez ló pe ara rẹ̀. Fìlà bo iwájú orí rẹ̀, awò dúdú bo ojú. Ó gbé e wá lọ́jọ́ Ajé, ó ní kí n jẹ́ kó sùn síbí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ akérò àárọ̀ já a sílẹ̀, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Aago márùn-ún ó tún gbé e padà wá, ó fi aṣọ bò ó, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ló bá tún wọ ọkọ̀ akérò tó ń lọ sí Córdoba."

Ọkọ̀ náà wà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, aṣọ funfun bò ó bí òkú. Mo ti di etí aṣọ náà mú kí Brígida tó gbá mi lọ́wọ́.

"Sún sẹ́yìn! Bí ìyàwó Evaristo bá ṣí búùtù yìí, kí lo rò pé wọ́n á sọ? Wọ́n á ní ìwọ lo gbé e síbẹ̀."

"Ọkọ mi wà nínú ẹ̀wọ̀n, Brígida!"

"Ìdí nìyẹn tí a fi ní láti jẹ́ kí ọlọ́pàá ṣí i." Ó yíjú sí mẹkáníìkì. "Baldomero, bá mi yọ táyà kan lára rẹ̀."

"Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án."

"Ó ní orúkọ òun ni Pérez pẹ̀lú."

Baldomero wo Brígida, ó wo ojú mi, ó sì lọ gbé jáàkì.

*

Aago márùn-ún ni Don Leandro wá fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. A ti jókòó síbẹ̀ dè é. Ọkùnrin gíga ni, irun rẹ̀ funfun, ó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé. Ó rí mi, ó gbé imú sókè bí ẹni tó gbóòórùn ẹja.

"Inspẹ́kítọ̀, kí ni àwọn obìnrin yìí ń wá?"

"Mo ti ní kí wọ́n máa lọ," ni Robledo wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Don Leandro," ni Brígida wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òróró, ó sì ti ṣí ìwé kékeré sórí itan. "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi ni. Ènìyàn ńlá bíi tiyín kì í wá sọ́dọ̀ mi lójoojúmọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ètò mi tẹ́ yín lọ́rùn, kí n lè tún un ṣe fún àwọn ẹlòmíràn."

Don Leandro jókòó. Ìyìn kì í sú ọkùnrin náà.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ibo ni ọkọ̀ já yín sí?"

"Ojúde ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́."

"Ẹ kò fẹsẹ̀ gun òkè púpọ̀? Àwọn àgbàlagbà máa ń ráhùn."

"Kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ."

"Ilé oúnjẹ ńkọ́? Wọ́n fún yín ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé?"

"Wọ́n fún mi. Ewúrẹ́ yẹn rọ̀, áyù rẹ̀ sì tó."

"Ṣé ẹ rí omi fọwọ́ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀? Ọ̀rá ewúrẹ́ máa ń lẹ̀."

"Omi tútù minimini. Ẹ gbọ́, arábìnrin, ó tó báyìí."

"Ó tó," ni Brígida wí, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé. "Fermín, o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Kí wá ni?"

"Fi fóònù pe ọ́fíìsì olórí ìlú Peñalbar. Bi wọ́n léèrè kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Mo rò pé yóò lé wa jáde. Ṣùgbọ́n ó wo ojú Brígida pẹ́, ó sì gbé fóònù. Ó tẹ́tí. Ó ní, "Láti aago mélòó?" Ó tún tẹ́tí. Ó ní, "Gbogbo ọjọ́?" Nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, jẹ́jẹ́ ló gbé e, bí ẹni tó gbé ẹyin.

"Don Leandro, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí ẹ̀kán omi kan ní Peñalbar. Ilé oúnjẹ náà kò ṣí. Ọkọ̀ kankan kò sì dé ojúde ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mo lè ti ṣi ọjọ́ mú," ni Don Leandro wí.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yín," ni Brígida wí. "Ẹ lo ìwé mi bí ògiri, ẹ lọ sá sẹ́yìn rẹ̀. Ìwé mi kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Kò tíì sí ọjọ́ tó ṣègbọràn sí i rí."

"Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Fuenteseca ni kò mọ̀ yín, Pérez ni wọ́n ń pè yín. Ọkọ̀ eléérú yín ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà mẹ́ta ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ ni ó dáhùn. Gbogbo wa ni a rí i bí ó ṣe yára lọ sí àpò kóòtù aláwọ̀ ewé náà, tó sì dì í mú.

Robledo dìde. "Don Leandro, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà."

Mo rò pé yóò bẹ̀bẹ̀. Kò bẹ̀. Ó dìde nàró, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ọwọ́ bàbá mi àgbà ló ṣe adé yẹn! Ọ̀sán àti òru ló fi jókòó tì í, títí ojú rẹ̀ fi rẹ̀. Ìdílé wa ni ó tọ́ sí. Ẹgbẹ́ wá dìbò, wọ́n ní kí ó kúrò lọ́wọ́ mi, kí awakọ̀ máa tọ́jú rẹ̀. Awakọ̀! Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago kan, mo ń rí bọ́ọ̀sì rẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹgbẹ́. Mo ní, ó dáa, ẹ jẹ́ kí a wo bí yóò ṣe tọ́jú rẹ̀."

N kò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Bàbá yín àgbà ló ní ọwọ́," mo ní. "Ìyá ìyá mi ló ní yẹtí. Ẹyọ méjì péré ló ní láyé, ó sì bọ́ wọn láì bi ẹnikẹ́ni pé ìdílé ta ni yóò gbé adé sílé. Títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, ẹyọ ìgbálẹ̀ ló fi ń di ihò etí rẹ̀. Ẹ má ṣe bá mi sọ ẹni tó ni ín."

Ó jókòó padà.

*

Wọ́n bá adé náà nínú búùtù, tówẹ́ẹ̀lì ìwẹ̀ ni ó fi wé e. Ìròyìn ti dé Córdoba ṣáájú àwọn ọlọ́pàá tó gbé e bọ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi mú Evaristo jáde láti yàrá ìsàlẹ̀, èrò ti kún iwájú àgọ́.

Irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù. Mo di aṣọ rẹ̀ mú, mo mì ín.

"Ogójì ìṣẹ́jú! Sọ ọ́ báyìí, lójú gbogbo wọn."

Ó wo ilẹ̀. "Ilé ìwòsàn ojú ni. Òpópónà kejì sí ilé ẹgbẹ́. Ojú òsì mi ń kú, Araceli. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún nìyí tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì mi. Mo ṣáà mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo jalè, mo ní wọ́n á rí i bó pẹ́ bó yá."

"Bó pẹ́ bó yá! Nítorí ojú kan, o fẹ́ sọ mí di aya ẹlẹ́wọ̀n?"

"Ojú ni mo fi ń ṣiṣẹ́."

Brígida na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì."

Ó yọ ọ́, ó fi í lé e lọ́wọ́ bí ẹni ń fi ọmọ sílẹ̀. Brígida ju ú sínú báàgì rẹ̀.

"Màá wá ẹlòmíràn tí yóò máa wà á. Ìwọ jókòó síwájú, kí o máa sọ̀rọ̀. Kò sí igi ólífì tí o kò mọ ẹni tó gbìn ín láti ibí dé Granada. Ẹnu kò nílò láísẹ́ǹsì."

Inspẹ́kítọ̀ Robledo sún mọ́ wa. Ojú ń tì í, mo sì jẹ́ kó tì í. "Evaristo, ọ̀gá mi, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan wà. Èrò pọ̀ níwájú. Màá fi mọ́tò gbé yín délé, ẹnikẹ́ni kò ní rí yín."

Evaristo gbé orí sókè. Ọkọ mi kì í pariwo, kò sì pariwo níbẹ̀ náà.

"Níbo lẹ gbé mi gbà wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Iwájú."

"Pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, lójú gbogbo ayé. Iwájú náà ni màá gbà jáde."

Robledo fúnra rẹ̀ ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá wa lójú. Èrò pín sí méjì. Mo bọ́ sí apá òsì ọkọ mi, níbi tí kò ti ríran mọ́, mo fi ọwọ́ kọ́ ọ lápá. Brígida tẹ̀lé wa, wàràkàṣì Peñalbar lábíyá.

Ọ̀nà kúkúrú wà tó lọ sílé wa. A kò gbà á. A gba òpópónà ilé ẹgbẹ́, a gba iwájú ilé búrẹ́dì, a gba gbogbo ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ti jókòó síta lórí àga wọn. Níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, Evaristo dúró, ó pe onílé lórúkọ, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

Àwọn kan dáhùn lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ń wo bàtà wọn. A kò kúrò níwájú ẹnikẹ́ni títí ó fi dáhùn.